Èsì X-ray bàbá mi kò ní orúkọ ènìyàn kankan lábẹ́: ta ni kí n bi?

Àkànní_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí dùn mí dé egungun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹni ọdún 71 ni bàbá mi. Láti nǹkan bí ìgbà Àjíǹde ni wọ́n ti ń wúkọ́. Èéfín la kọ́kọ́ pè é, torí ìdí ẹwìrì ni wọ́n ti lo ayé wọn, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí bùbá wọn ń fẹ́ lára wọn bíi pé ẹlòmíì ló ni ín, mo gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya X-ray ní ìgboro. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ya àyà wọn, mo sanwó, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi fún mi ní bébà kan. Àwòrán àyà wà lórí rẹ̀, àwọ̀ búlúù bò ó, pupa díẹ̀ hàn lápá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ rẹ̀: 0.31. Gbólóhùn Òyìnbó kan tẹ̀lé e tó ní kò sí àmì ikọ́ ife. Ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé ní, "Ẹ̀rọ ti kà á, bàbá ò ní nǹkan kan." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ra oògùn ikọ́, a lọ sílé.

Oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bàbá wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Ilé ìwòsàn ìjọba ní kí wọ́n gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Ọjọ́ kejì ni èsì dé pé ikọ́ ife ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, inú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn ló ń sùn. Òun náà ti ń lo oògùn báyìí.

Mo lọ wá bébà àkọ́kọ́ yẹn jáde. Mo yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Kò sí orúkọ dókítà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó buwọ́ lù ú. Orúkọ sọ́fítíwíà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ṣe pé dókítà ló ṣì í kà, mo mọ iwájú ẹni tí mo máa lọ dúró sí. Ta wá ni òfin ní kí n bi báyìí? Ẹni tó ni ilé X-ray? Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun? Àbí ẹ̀rọ gan-an?

FótòÀyà_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara bàbá á mókun, ọmọ yẹn náà á sì dàgbà láàárín wa.

Iṣẹ́ yíya fọ́tò X-ray ni iṣẹ́ mi, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. 0.31 kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àlàáfíà. Ẹ̀rọ náà ń wo àwòrán, ó ń fi í wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí wọ́n ti fi kọ́ ọ, ó sì ń sọ bí ó ṣe jọ ikọ́ ife tó, láti 0 dé 1. Ènìyàn ló ń fa ìlà. Bí ilé X-ray bá fa ìlà sí 0.5, bàbá yín kọjá lọ ní àlàáfíà. Bí wọ́n bá fà á sí 0.3, ẹ̀rọ kan náà, àwòrán kan náà, yóò ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè pé ibo ni ìlà wọn wà, ta ló sì fà á.

Ohun kejì ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 2021, fún ẹni ọdún 15 sókè, pé ó lè dípò ẹni tó ń ka fọ́tò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣàyàn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́: kí ó yọ àwọn tó yẹ kí a yẹ̀ wò síwájú láàárín èrò. Bàbá tó ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó sì ń rù, kò sí ohun tí fọ́tò máa sọ tí a kò ní gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà wà, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n bébà kò ní jáde bí dókítà kò bá tíì wò ó kí ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà míì ó máa ń gbà wá ní ọjọ́ méjì, àwọn aláìsàn á sì máa bú wa. Mo fara mọ́ èébú náà.

Bàbá_Ìlúpéjú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Àkànní, ọmọ mi, ẹ kú ìrójú. Èrò tèmi kò gùn. Kí ìjọba fòfin de ẹ̀rọ wọ̀nyí pátápátá. Ohun tí kò ní ẹ̀mí kò lè mọ iyì ẹ̀mí. Láyé ọjọ́un dókítà á fọwọ́ kan ènìyàn láyà, á ní kí o mí sínú, á fetí sí i. Níbo la gbé ìyẹn lọ?

Lọ́yà_Ìkẹjà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Àkànní, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Agbẹjọ́rò ni mí, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni mo sì ń rò jù ní kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò sí ná. Nàìjíríà kò tíì ní òfin kan tó dá dúró fún AI, ìyẹn ọgbọ́n ẹ̀rọ bí irú èyí tó ka fọ́tò bàbá, nínú ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ NCAIR tó ń rí sí AI àti róbọ́ọ̀tì ti wà ní Àbújá láti 2020, ìjọba sì gbé àbá ètò AI fún orílẹ̀-èdè jáde ní August 2024. Ṣùgbọ́n ètò kì í ṣe òfin, ẹ ò lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ò ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè fi dúró, kò sọ òótọ́.

Òfin Ìlera ti 2014, abala 23, ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣàlàyé ipò ara rẹ̀ fún un, àti àwọn àyẹ̀wò tó wà fún un, ní èdè tó gbọ́, lọ́nà tó bá ìmọ̀ ìwé rẹ̀ mu, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Alágbẹ̀dẹ ẹni ọdún 71 ni wọ́n fún ní bébà Òyìnbó, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọmọ ojú fèrèsé sì fi túmọ̀ rẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà?

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023, abala 37. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó wúwo lórí rẹ̀ láìsí ènìyàn níbẹ̀. Ó ní àwọn ibi tí ó ti yọ sílẹ̀, bíi kí ẹni náà ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ó ṣì lè ní kí ènìyàn wá wo ọ̀rọ̀ òun, kí ó sì ta ko ìpinnu ẹ̀rọ. Nítorí náà mo ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ bàbá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kankan kí wọ́n tó ya fọ́tò?

Ní ti ilé X-ray, wọ́n ti gbowó, wọ́n ti gba aláìsàn, ìtọ́jú tó péye ti di gbèsè lọ́rùn wọn nìyẹn. Wọn ò lè ní ẹ̀rọ ló kà á. Bí ọmọọ̀ṣẹ́ wọn bá ṣe é, ọrùn wọn ló wà. Bí irinṣẹ́ wọn bá ṣe é, ọrùn wọn náà ni mo máa kọ́kọ́ gbé e kọ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 tún fàyè sílẹ̀ láti bi ẹni tó ta ọjà tàbí iṣẹ́ tó ní àbùkù. NAFDAC ló sì ní àṣẹ lórí irinṣẹ́ ìwòsàn tó ń wọlé. Òótọ́ ni pé òfin tó dá wọn sílẹ̀ ti wà láti 1993, kò sí ẹni tó ń ro AI nígbà náà, ibẹ̀ sì ni mo rí ihò tó tóbi jù. Sọ́fítíwíà kì í gba èbúté kọjá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wọlé, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó máa ṣí àpótí rẹ̀ wò.

Àkànní_Òṣogbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Wọn ò fún wa ní fọ́ọ̀mù kankan. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, ó tán.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:11 ìrọ̀lẹ́

Àkànní, mo ka tìrẹ, omi bọ́ lójú mi. Bàbá tèmi náà ní ikọ́ ife kí ó tó kú, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ẹ̀rọ.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Texas. Ẹ má rò pé níbí gbogbo nǹkan wà létòlétò. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní sepsis: kòkòrò á wọ inú ara, ara á gbógun tì í débi pé yóò máa ba ara rẹ̀ jẹ́, kíndìnrín á dákẹ́, ẹ̀dọ̀fóró á tẹ̀lé e. Wákàtí díẹ̀ lè pa ènìyàn. Iléeṣẹ́ Epic, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbí ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìwé aláìsàn, ṣe ẹ̀rọ kan tó yẹ kó máa kìlọ̀ ṣáájú. Ní 2021 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan yẹ ẹ́ wò lórí nǹkan bí 38,000 ìgbà tí wọ́n dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù. Nínú àwọn 2,552 tó ní sepsis, 1,709 ni ẹ̀rọ kò kìlọ̀ nípa wọn. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń kígbe lórí ẹlòmíì tí kò ní nǹkan kan.

Wàá bi mí pé ta ló fọwọ́ sí i kí ó tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti irinṣẹ́ níbí, kò ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Òfin 2016 kan yọ àwọn sọ́fítíwíà tó kàn ń gba dókítà nímọ̀ràn kúrò lábẹ́ irinṣẹ́ ìwòsàn, bí dókítà bá lè fúnra rẹ̀ rí ìdí tí ẹ̀rọ fi sọ ohun tó sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló gba ojú ihò yẹn wọlé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún un. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Àwọ̀ ewéko ni àmì rẹ̀, pé kò séwu. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú láti yí ìdè tó wà níbẹ̀, ọwọ́ tutù bí omi àmù. Ó ń mí kíákíá, ó ń bi mí pé kí ni orúkọ mi, mo ti sọ fún un nígbà mẹ́ta. Mo pe dókítà. Dókítà ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà kìlọ̀ ni?" Mo ní rárá, ẹ máa bọ̀. Ó wá. Obìnrin náà wà láàyè. Ìbéèrè dókítà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ju ẹ̀rọ lọ.

Láti 1 September 2025, òfin ti wà ní Texas pé dókítà tó bá fi AI wá àìsàn rí gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn, kí òun fúnra rẹ̀ sì yẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ wò. California ní tirẹ̀, láti January 2025, kò gbà kí iléeṣẹ́ adójútòfò fi ẹ̀rọ nìkan sọ pé ìtọ́jú kan kò pọn dandan. Dókítà tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Kóòdù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:38 alẹ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Yábàá ni mo wà, mo ń bá àwọn kan kọ sọ́fítíwíà tó ń wo ojú aláàtọ̀gbẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi lè má dùn mọ́ Àkànní létí, ẹ forí jì mí.

Ènìyàn náà ń ṣi X-ray kà, lójoojúmọ́. Bí a bá fi òfin tó le jù dí ọ̀nà, àwa ọmọ ilé ló máa kọ́kọ́ pa. Iléeṣẹ́ ńlá ti òkèèrè lówó láti gba lọ́yà ogún. Àwa márùn-ún nínú yàrá kan ńkọ́? Tiwa ló sì yẹ kó wà, torí àwòrán ojú ọmọ Nàìjíríà la fi kọ́ ọ. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2020 ni ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà fi ń tan dókítà lórí aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó nígbà tí kò tó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gbára lé e bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé kí òfin wà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n wọn òfin náà bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan ní April 2018, IDx-DR, tó ń wo ojú aláàtọ̀gbẹ tó sì ń dá ìpinnu ṣe, kò dúró de dókítà ojú. Aláìsàn 900 ní ibi ìtọ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi dán an wò ná. Ẹ wá gbọ́ èyí tó wù mí jù: àwọn tó ṣe é gbà pé bí ẹ̀rọ bá ṣìṣe, orí àwọn ni, wọ́n sì gba adójútòfò lé e. Ẹni tó bá gbójú lé ọjà rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ sí i. Èmi náà ṣe tán láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkànní, ẹ má sọ bébà yẹn nù o! Nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Sọ́fítíwíà ń yí padà, èyí tó ka fọ́tò bàbá lè ti lọ, kí òmíràn ti wà níbẹ̀ báyìí. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sí ẹni tó lè padà wò ó.

Dókítà_Leeds
Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán

Iṣẹ́ abẹ ni mò ń ṣe, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n mú róbọ́ọ̀tì wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn ènìyàn rò pé ohun kan náà ni òun àti AI. Róbọ́ọ̀tì da Vinci tí FDA fọwọ́ sí ní 2000 kò dá ronú. Dókítà jókòó síbì kan nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń wo inú awò, ó ń fi ìka darí apá irin. Bí ọ̀bẹ bá já níbi tí kò yẹ, ọwọ́ dókítà náà ni. Ẹjọ́ ibẹ̀ wá dà bíi ti ọkọ̀: ṣé awakọ̀ ni, àbí ọkọ̀, àbí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wà?

Ní February 2015, ní Freeman Hospital ní Newcastle, wọ́n fi róbọ́ọ̀tì tún fáàfù ọkàn ọkùnrin kan ṣe, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bìrìtìkó. Ọ̀rọ̀ kò gbọ́ra dáadáa láàárín dókítà tó wà nídìí ẹ̀rọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ta sí kámẹ́rà. Àwọn amòye tó yẹ kó dúró tì wọ́n ti kúrò kí iṣẹ́ tó parí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ọkùnrin náà kú. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ ní 2018, ó hàn pé dókítà náà kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tó lórí ẹ̀rọ, aláìsàn kò sì mọ̀ pé òun ni àkọ́kọ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ètò ènìyàn ló já.

Ilé-ẹjọ́ gíga jù ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà náà sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ní 2017 lórí da Vinci yìí. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ní àwọn ti kìlọ̀ fún dókítà, ó ti parí. Ilé-ẹjọ́ ní kò tíì parí: ilé ìwòsàn ló ra ẹ̀rọ, òun ló ń pinnu ẹni tó lè fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún òun náà. Lọ́yà_Ìkẹjà á rí i pé ọgbọ́n yẹn bá ọ̀ràn Òṣogbo mu. Ǹjẹ́ àwọn tó ta sọ́fítíwíà sọ fún ilé X-ray pé kò gbọ́dọ̀ dípò àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀? Ǹjẹ́ wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?

Àkànní béèrè pé àbí ẹ̀rọ gan-an ni ká mú. Ó ti wá sọ́kàn àwọn kan rí. Ní 2017 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù dá a lábàá pé kí wọ́n ronú nípa fífún róbọ́ọ̀tì ní ipò bí ènìyàn níwájú òfin. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 150 kọ̀wé ta kò ó. Òfin AI tí wọ́n wá ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 August 2024, kò gba ọ̀nà náà rárá. Ó ka ọ̀pọ̀ AI inú irinṣẹ́ ìwòsàn mọ́ àwọn tó léwu gan-an, ó sì ní kí wọ́n ṣe é lọ́nà tí ènìyàn á fi lè máa ṣọ́ ọ, kí ó lè kọ ohun tó sọ, kí ó lè dá a dúró. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ ohun tó ń ba Ìyá Ìbejì lẹ́rù, kí ojú ènìyàn máa gbára lé ẹ̀rọ débi tí kò fi ní wo aláìsàn mọ́. Ẹ̀rọ kò ní àpò tí a ó ti yọ owó ìtanràn. Kò ní orúkọ tí ìtìjú lè bá.

Ìyá_Agbẹ̀bí_ÒkèÒgùn
Ọjọ́rú, 7:52 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, gbogbo yín. Bàbá Ìlúpéjú, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bá wa fòfin dè é.

Ibùdó ìlera kékeré ni mo wà lápá Ṣakí. Dókítà tó mọ X-ray kà kò sí lọ́dọ̀ wa, n ò rí i rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé X-ray inú báàgì wá lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á so ó mọ́ irin, ènìyàn á gbé àyà tì í, kọ̀ǹpútà á sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ bá tọ́ka sí, èmi ni mo ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wúkọ́ pẹ́, mo ń gba tirẹ̀ náà, ohun yòówù tí ẹ̀rọ ìbáà sọ, bí FótòÀyà ṣe wí. Mo ti rí ìyá elélùbọ́ kan tí kò wúkọ́ rárá, ẹ̀rọ ló mú un. Ó ti lo oògùn oṣù mẹ́fà parí, ó gbé èlùbọ́ wá fún mi.

Bí ẹ bá ṣe òfin pé dókítà afọ́tò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu bébà kọ̀ọ̀kan, lọ́dọ̀ tiwa, bébà kò ní jáde láéláé.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Ọjọ́rú, 9:16 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Ìyá. Ẹ ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí òfin béèrè ìbuwọ́lù dókítà, mo ti rí i báyìí pé ìlú ńlá nìkan ni mò ń rò. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibùdó yín àti ilé X-ray Òṣogbo. Ẹ̀rọ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́dọ̀ yín, ènìyàn kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí aláìsàn mọ̀ lójú, tó lè sọ pé ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀, ẹ gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Nítorí náà, orúkọ ni kí òfin béèrè, ìbáà jẹ́ ti dókítà, ìbáà jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tàbí ti òṣìṣẹ́ ìlera: ẹni tó gba èsì ẹ̀rọ, tó sì máa dáhùn fún ohun tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n kọ ìlà tí wọ́n fà sí ara bébà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀dà, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà gba àṣẹ fún.

Ọmọ_Kóòdù
Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Èyí kò ní gbà wá ní owó púpọ̀. Bí òfin bá dé lọ́la, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni màá fi àyè orúkọ sí tiwa, bébà kò sì ní jáde bí àyè náà bá ṣófo.

Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, tí ẹ̀rọ wá ṣìṣe, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n máa dì mú, tí àwọn tó ṣe é á lọ ní òmìnira?

Ìyá_Agbẹ̀bí_ÒkèÒgùn
Ọjọ́rú, 10:03 alẹ́

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi. Lórí ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe, kí wọ́n bi mí. Bí mo bá rí ikọ́ tí mi ò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èmi ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ, tí n ò lè rí, kí wọ́n bi ẹni tó fi síbẹ̀.

Dókítà_Leeds
Ọjọ́rú, 11:20 alẹ́

Bí Yúróòpù ṣe ń gbìyànjú láti pín in gan-an nìyẹn. Òfin tuntun wọn lórí ọjà tó ní àbùkù, ti 2024, ka sọ́fítíwíà mọ́ ọjà, títí di 9 December 2026 ni àwọn orílẹ̀-èdè wọn ní láti sọ ọ́ di òfin ilé. Ẹni tó bá fara pa kò ní láti fi hàn pé ẹni tó ṣe ọjà náà jẹ̀bi àìbìkítà. Kí ó fi hàn pé ọjà náà ní àbùkù, pé àbùkù yẹn ló sì pa òun lára.

Àkànní_Òṣogbo
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo fi ohun tí Lọ́yà àti ẹ̀yin yòókù sọ kọ lẹ́tà sí ilé X-ray, mo gbé e lọ ní àná. Ohun mẹ́rin ni mo béèrè: àwòrán bàbá gan-an, orúkọ ẹni tó gba èsì ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n fa ìlà sí, àti ìwé tí àwọn tó ta sọ́fítíwíà fún wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ kì í ṣìṣe. Nígbà tí mo ka abala 37 fún un, ó ní kí n jókòó. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀.

Bí mo ṣe ń jáde, ọmọbìnrin ojú fèrèsé yẹn sáré tẹ̀ lé mi dé ìta. Ó ní dókítà tó ń ka fọ́tò fún wọn ti lọ sókè òkun láti January, wọn ò tíì rí ẹni fi dípò rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó máa fún àwọn ènìyàn ní bébà. Ó ní òun ò mọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí, kò sí ẹni tó sọ fún òun rí. Ó ń sunkún. N ò lè bínú sí i.

Bàbá ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta oògùn, wọ́n ti ń jẹ àmàlà tán. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìtọ̀ wọn pọ́n bí epo, mo ti fẹ́ pariwo. Àwọn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn ní Yorùbá kí àwọn tó gbé oògùn náà mì pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, kí àwọn má bẹ̀rù. Wọ́n mú káàdì wọn fún mi kí n wò ó. Orúkọ nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, ó fi báírò kọ ọ́, ó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i.